Gbóòórùn Ìgò Kí O Tó Bu Omi Sí I

Odòde, Ìdànrè.
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Wùmí ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́, tíṣà tí mo fi inú ara mi bí,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, mo kí ọ kú ibùgbé tuntun, mo sì kí onílé tó gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí o má tìtorí iyán àwọn ará ibẹ̀ gbàgbé tiwa. Ara wa le, àyàfi orúnkún mi tí kò jẹ́ kí n lè wọ mọ́tò wá bá ọ, tí mo fi wá ń kọ ohun tó yẹ kí n fẹnu sọ.

Àná ni lẹ́tà rẹ dé. Dírẹ́bà tó ń ná ọ̀nà Ọ̀wẹnà ló mú un wá, mo fún un lómi mu, mo sì jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi láti kà á. Mo ka ojú ewé kìíní, mò ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fún ọ ní kíláàsì tìrẹ, Púráímárì Tú, ọmọ méjìlélógójì, o sì ti mọ orúkọ gbogbo wọn tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní ọmọ mi nìyẹn. Mo wá ṣí ojú ewé kejì, mo dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé: "Màmá, lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, a máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan olómi. Mi ò ní yà á sójú bọ́ọ̀dù kí wọ́n kàn máa wò ó. Mo ti ní kí oníkálùkù mú ìgò òfìfo tàbí agolo kan wá látilé, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn bu omi, kí wọ́n dà á láti inú èyí sínú ìyẹn, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i pé ìgò gíga lè má gba omi tó agolo kúkúrú."

Lẹ́tà náà bọ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá rẹ bi mí bóyá ẹnì kan ló kú. Mo ní rárá o, ọmọ wa ló gba kíláàsì. Ó ní ṣé ohun tó ń mú lẹ́tà bọ́ lọ́wọ́ èèyàn nìyẹn.

Ẹ̀rù ń bà mí, Wùmí. Mi ò ní fi bò fún ọ. Láti àná, bí mo bá ti di ojú, ìgò ni mò ń rí. Ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí pé mo máa ń bá ìgò jà. Bí bàbá yín bá ti gbé ìgò kankan ti oko dé, màá fọ́ ọ, màá gbẹ́ ilẹ̀, màá bò ó mọ́lẹ̀, ìgò tí àwọn ẹlòmíràn ń wá láti bu epo sí. O tiẹ̀ bi mí nígbà kan pé ìgò wo ló ṣẹ̀ mí ní kékeré. Ìgò ò ṣẹ̀ mí, ọmọ mi. Èmi ni mo ṣẹ̀.

O mọ̀ pé mo ti ṣe tíṣà fún ọdún mẹ́ta rí kí n tó bí ọ. Ohun tí mo sọ fún gbogbo yín ni pé oyún rẹ ló mú mi fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí mo lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Irọ́ ni. Bàbá rẹ pàápàá, irọ́ yẹn ló mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni màá kọ òtítọ́ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà jọ̀ọ́, wá ibi jókòó sí. Àmọ́ jẹ́ kí n ti orí àwọn kékeré bẹ̀rẹ̀, kí n lè ní agbára dé ibi tí mò ń lọ.

Èkíní. Ohunkóhun tí o bá fi sọ́wọ́ ọmọdé, mọ̀ pé kò ní pẹ́ dé ẹnu, dé imú, dé etí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ẹnu iṣẹ́, níbí ní Odòde, mo gbọ́n ju gbogbo èèyàn lọ. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣì ń gbóná lórí mi, mo sì mọ̀ pé ohun tí ọmọ bá fọwọ́ kàn ló máa ń yé e. Mo ní kí wọ́n mú ogún wóró àgbàdo wá fún ìṣirò. À ń rò ó pọ̀, à ń yọ ọ́ kúrò, kíláàsì ń dùn. Àfi bí ọmọ kan tó ń jẹ́ Táyé ṣe nawọ́ sókè, tí omi ń dà lójú rẹ̀. Wóró kan ti há sí i nímú. Mo bi í pé kí ló dé tó fi tì í síbẹ̀, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa gbà á ni.

Hẹ́dímásítà wa, bàbá àgbà kan tí áṣáà kì í wọ́n lápò rẹ̀, ló yọ mí. Ó fi áṣáà díẹ̀ sí ihò imú kejì, Táyé sín, wóró àgbàdo fò bọ́ sórí rẹ́jísítà mi. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́, èmi náà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ẹ̀rín yẹn kò ṣe mí lóore. Ó jẹ́ kí n rò pé ohunkóhun tí ọmọdé bá fọwọ́ fà ní kíláàsì, ẹ̀rín ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀.

Èkejì. Ka àwọn ọmọ rẹ nígbà tí ẹ bá ń lọ, kí o sì tún wọn kà nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo kó kíláàsì mi lọ síbi àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè pé kí wọ́n lọ kọ́ kíka ẹ̀wá-ẹ̀wá. Bí wọ́n bá ti gun mẹ́wàá, ẹnì kan á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára òkúta. O mọ àtẹ̀gùn yẹn, o mọ ohun tó ń fi orúnkún àgbà ṣe, àmọ́ àwọn ọmọ ń sáré gùn ún ni. Ibi ìsinmi kejì la wà tí òjò fi ṣú, mo ní ká máa sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wa sì fi eré sí i. Ìgbà tí a dé ilé ìwé tán ni mo tó pe rẹ́jísítà. Mo pe orúkọ ọmọ kan lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn.

Mo padà lọ gun àtẹ̀gùn yẹn lémi nìkan nínú òjò. Ohun tí mo bá Ọlọ́run sọ lójú ọ̀nà, kò ṣeé kọ. Mo bá ọmọ náà níbi ìsinmi, ó fẹ̀yìn ti òkúta, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, mo gbàgbé iye tí mo kà dé, mo wá jókòó kí n lè rántí." Mo gbé e sẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí n ti gbọ́n láti ọjọ́ yẹn. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eéje lọ, ọmọ mi, èmi ò sì tíì ka ẹfà tán.

Ẹ̀kẹta rèé. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè kọ ọ́.

Ní ọdún kẹta, wọ́n gbé mi lọ sí abúlé oníkòkó kan lẹ́yìn Atosin. Oyún rẹ ti pé oṣù mẹ́rin. Yàrá kan ni kíláàsì mi, ògiri alámọ̀, fèrèsé méjì. Mo sọ fún àwọn ọmọ lọ́jọ́ Ajé pé kí wọ́n mú ìgò òfìfo àti agolo wá lọ́jọ́ kejì, gẹ́gẹ́ bí ìwọ náà ṣe sọ. Wọ́n kó o dé lóòótọ́: ìgò ọtí lóríṣiríṣi, agolo mílíìkì, agolo sàdíìnì, kódà ẹnì kan mú ìkòkò ìyá rẹ̀ wá. Mo tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì, mo yìn wọ́n, mo ní kíláàsì tó mọ iṣẹ́ nìyí. Mi ò gbé ẹyọ kan ṣoṣo sí imú wò.

Èmi, ọmọ oníkòkó, ìyàwó oníkòkó! Ta ni kò mọ̀ ní Ìdànrè yìí pé àwọn tẹbí-tará máa ń dá pọ̀ ra agolo ńlá kan oògùn kòkó, wọ́n á sì pín in sínú ìgò ọtí, kí oníkálùkù lè gbé tirẹ̀ lọ sóko? Bí oògùn bá tán, ìgò náà á wà lábẹ́ ibùsùn tàbí lẹ́yìn ààrò, àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìgò tí wọ́n ń bu omi sí. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni kì í sí ẹni tó ń rántí sọ ọ́.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì náà, ọmọ ọdún mẹ́jọ, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti yọ, òun ló máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sókè bí mo bá béèrè nǹkan. Ó mú ìgò kan wá látilé wọn. Ó bu omi sínú rẹ̀, ó mì ín, omi náà sì di funfun. Nígbà yẹn, wọ́n máa ń po mílíìkì lẹ́búlẹ́bú sínú garawa fún àwọn ọmọ ilé ìwé, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Ó kígbe pé, "Tíṣà! Tíṣà, omi mi ti di mílíìkì!"

Wùmí, mo gbọ́. Apá kejì yàrá ni mo wà, mò ń bá àwọn mẹ́ta kan parí ìjà lórí agolo. Mo gbọ́ ọ kedere, mo rẹ́rìn-ín, mi ò sì yí ojú padà. Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, wọ̀n ọ́n, kí o sọ iye ife tó jẹ́ fún mi."

Ó wọ̀n ọ́n lóòótọ́. Ó ní, "Ife mẹ́ta, Tíṣà." Nígbà tí mo wá yíjú, ife kẹta wà lẹ́nu rẹ̀.

Mo fò dé ibẹ̀, mo já ife gbà. Òórùn náà gbà mí nímú, òórùn bíi ti kẹrosíìnì tí nǹkan kíkorò wà nínú rẹ̀. Ó ti gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì. Ó pa ojú dà, ó ní, "Kò dùn, Tíṣà." Mo lé àwọn tó kù síta pé kí wọ́n lọ ṣeré. Mo sáré lọ sílé tó kángun sí ilé ìwé, mo tọrọ epo pupa, mo sì rọ ife kan sí i lẹ́nu, nítorí ohun tí wọ́n fi ń kọ́ wa láti kékeré nìyẹn, pé epo ló ń pa májèlé. Ó bì díẹ̀. Ó ní kò sí ohun tó ń ṣe òun. Mo bá gbé ìgò náà, mo jù ú sínú igbó lẹ́yìn ilé ìwé. Kò sí ẹni tó rán mi. Ẹ̀rù ló rán mi.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Ó ṣubú lórí pápá, ojú rẹ̀ yí, ẹnu rẹ̀ ń ho. Àwọn obìnrin abúlé sáré dé, wọ́n ní gìrì ni. Wọ́n mú àgbo gìrì wá. Bàbá rẹ̀ ti oko dé tòun ti àdá lọ́wọ́. Ìjọ Aládùúrà ni wọ́n ń lọ, wọ́n gbé e lọ síbẹ̀, wọ́n wọ́n omi àdúrà sí i lára, gbogbo ìjọ kúnlẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀ láàárín wọn. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kì í ṣe gìrì, mo sì ń ṣe àmín. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá, èmi tó mọ ẹ̀tẹ̀ sì pa ẹnu mọ́.

Lọ́rì tó ń kó kòkó lọ sí Àkúrẹ́ ló padà gbé wa lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì bi bàbá rẹ̀ pé, "Kí ló mu?" Bàbá ní kò mu nǹkan kan, gìrì ni. Ó tún bi í. Mo dúró lẹ́yìn bàbá náà gan-an, mo lè fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá tẹ̀ ba ọmọ, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀, ó pariwo pé, "Oògùn kòkó nìyí! Ta ló wá tún fún un lépo? Ẹ ò mọ̀ pé epo ló ń mú irú oògùn yìí wọ inú ara kíákíá ni?"

Mi ò lè gbé ojú sókè. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Bóyá ó mu ún nílé kó tó wá sílé ìwé." Bàbá náà yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Kò lù ú, kò bú u. Ó kàn wò ó. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé òun rò pé òun ti kó gbogbo ìgò pa mọ́, Ọlọ́run ń gbọ́ òun, òun rò pé òun ti kó wọn pa mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ náà fi wà láàárín ikú àti ìyè. Kò kú. Àmọ́ wárápá ń gbé e ṣubú fún bí ọdún méjì, bàbá rẹ̀ sì ní òun ò fẹ́ ìwé mọ́, kí ọmọ òun kàn wà láàyè. Kò padà sí kíláàsì. Nígbà tí sáà ìwé yẹn parí, mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo ní oyún ń yọ mí lẹ́nu.

O mọ ọmọ náà. Àǹtí Dúpẹ́ ni, tó ń ta iyọ̀ àti ata gígún lójúde wa, tó fẹ́ ọkọ wá sí Odòde nígbà tí o wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó máa ń dirun fún ọ lọ́jọ́ Sátidé. Kò rántí pé èmi ni tíṣà rẹ̀. Àìsàn yẹn pa ọ̀pọ̀ nǹkan rẹ́ lórí rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì fẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn létí òun títí ó fi kú. O mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ káfíńtà ní Sàpẹ́lẹ̀, o sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ló máa ń gbé lẹ́tà rẹ̀ wá kí n bá a kà. Ó máa ń jókòó sórí àpótí, ó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú, á ní, "Ẹ ṣeun Màmá, Ọlọ́run á jẹ́ kí ojú yín máa ríran." Èmi tí mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ ni mò ń bá a ka ìwé. Àdúrà yẹn máa ń dùn mí ju èpè lọ.

Mo ti sọ ọ́. Wò ó, mi ò kú.

Ó dáa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mú kálàmù lónìí, ohun tí mo kọ ni pé kí o má dán an wò, kí o mú ṣọ́ọ̀kì, kí o ya ìgò sójú bọ́ọ̀dù, kí o sì jẹ́ kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ jókòó jẹ́ẹ́. Mo fa ìwé yẹn ya. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá, àmọ́ kò yẹ kó kọ́ ọmọ rẹ̀ láti máa sá fún ekòló. Òtítọ́ ni pé Dúpẹ́ kò gbàgbé ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́. Lójúde wa yìí, kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀n tó Dúpẹ́. Nítorí náà ṣe ẹ̀kọ́ rẹ, ṣùgbọ́n fetí sí mi.

Má gba ìgò kankan láti ilé ọmọ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Mo mọ̀ pé o ti sọ fún wọn, wọ́n á sì kó o dé, nítorí náà dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, kí o gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣí ìdérí rẹ̀ fúnra rẹ, gbé e sí imú, gbóòórùn rẹ̀. Èyí tí o bá ṣiyèméjì nípa rẹ̀ díẹ̀ báyìí, fọ́ ọ, kí o bò ó mọ́lẹ̀ jìnnà sí kànga. Má tìtorí pé ọmọ á sunkún fi í sílẹ̀. Èyí tí kò ní òórùn náà, fi ọṣẹ àti eérú fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò burú bí o bá tilẹ̀ tọrọ agolo lọ́dọ̀ onílé rẹ, kí o lo tirẹ̀ nìkan.

Kí ọmọ kankan má mu omi tí ẹ fi ń wọn nǹkan. Sọ ọ́ fún wọn títí tí yóò fi sú wọn. Má pín wọn káàkiri yàrá bí mo ti pín wọn, èèyàn kan ni ọ́, ojú méjì péré lo ní. Jẹ́ kí àwọn mẹ́fà ṣe é, kí àwọn tó kù máa wò, kí àwọn mẹ́fà mìíràn tún wá.

Bí ọmọ bá sì pè ọ́ pé, "Tíṣà, ẹ wò ó," yíjú. Àbẹ̀kẹ́ mi, mo bẹ̀ ọ́, yíjú kí o tó dáhùn. Ohun tó bà mí láyé jẹ́ kò ju kí n yí ọrùn lọ.

Bí ọjọ́ burúkú bá wá pàdé rẹ láìka gbogbo èyí sí, má bu epo, má bu mílíìkì. Gbé ọmọ àti ìgò lọ sí ọsibítù. Má jù ú sígbó. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, sọ ohun tó mu, sọ ibi tó ti mu ún, sọ pé ìwọ lo ní kí wọ́n mú un wá. Wọ́n lè lé ọ níṣẹ́. Jẹ́ kí wọ́n lé ọ. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, mo sì ti bá a gbé ju ogún ọdún lọ. Kì í lọ sí oko, kì í lọ sí àjò.

Mo dúró díẹ̀ níbí. Bí mo bá rí dírẹ́bà yẹn lọ́la, màá fi rán an.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní ìyálẹ̀ta.

Lẹ́tà yìí kò tíì kúrò lórí tábìlì nígbà tí Dúpẹ́ wọlé láàárọ̀ yìí pẹ̀lú lẹ́tà ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó rí bébà tó pọ̀ níwájú mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá Wùmí, ta lẹ kọ gbogbo èyí sí?" Mo ní Wùmí ni. Ó ní, "Ẹ ò bá kà á sí mi létí, kí n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ nímọ̀ràn. Èmi náà á gba ọmọ nímọ̀ràn lọ́jọ́ kan."

Ó rọrùn fún mi láti parọ́. Ǹ bá ka nǹkan mìíràn fún un, kò sì ní mọ̀. Ìbẹ̀rù tó mú mi kò jẹ́ kí n mọ ohun tí mò ń ṣe, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi tó ń kà á. Ó rẹ́rìn-ín sí ti Táyé. Ó mi orí sí ti àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo dé abúlé tó wà lẹ́yìn Atosin, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí orúnkún. Mi ò wò ó mọ́, mò ń kà lọ ni. Nígbà tí mo ka ibi tí mo ti ní bóyá ó mu ún nílé, ó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ìyá mi bá ẹ̀bi yẹn wọ ilẹ̀ lọ."

Mo ní, "Mo mọ̀."

Mo kúnlẹ̀, kò ní kí n dìde, kò sì ní kí n má dìde. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ajé yìí ni?"

"Ajé yìí ni."

"Ọmọ mélòó?"

"Méjìlélógójì."

Ó ní, "Ẹ ká a, kí ẹ lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ẹ má fi rán dírẹ́bà kankan. Èmi ni màá mú un lọ. Mo ti gbàgbé ojú yín, mo ti gbàgbé yàrá yẹn, àmọ́ òórùn yẹn kò kúrò nímú mi lọ́jọ́ kan rí. Èmi ni màá bá a gbóòórùn àwọn ìgò náà." Ó mú lẹ́tà ọkọ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó fi sí ìgbànú. Ó ní ìwọ ni o máa bá òun kà á.

Kò sọ pé òun dárí jì mí, Wùmí. Mi ò bi í. Ó ti lọ múra báyìí, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lójúde, ó ń fi ọjà rẹ̀ ṣọ́ ará ilé. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, ẹ̀rù ọjọ́ Ajé ń bà mí, ẹ̀rù ohun tí bàbá rẹ máa sọ bí mo bá sọ ọ́ fún un lónìí náà ń bà mí. Síbẹ̀ màá sọ ọ́.

Bí ẹ bá ti tú ká lọ́jọ́ Ajé, fi ìlà kan péré ránṣẹ́ sí mi, iye ọmọ tó wọlé láàárọ̀ àti iye tó rìn lọ sílé.

Nígbà tí Dúpẹ́ bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ, má jẹ́ kó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Láti ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, kò tíì wọ inú kíláàsì kankan. Gbé àga fún un níwájú, níbi tí yóò ti máa rí bọ́ọ̀dù.

Èmi ni,
ìyá rẹ.